Ẹsẹ̀ Ẹlẹ́wù Ìkùukùu

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà, wọ́n bá Tíṣà ní òkú nínú yàrá ìwé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó kọ́kọ́ rí i. Nọ́ọ̀sì ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé ni. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá náà, ilẹ̀kùn kò ṣí tán, ó sì fi èjìká tì í títí ó fi rí ọwọ́ bàbá rẹ̀ lábẹ́ pẹpẹ onírin tí ó ti wó lulẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹrù orí rẹ̀.

Kọ́míìkì ni ẹrù náà: ìwé alàwòrán àwọn akọni alágbára, àwọn tí ń fò lójú ọ̀run, àwọn tí ń fi ìka kan gbé mọ́tò, àwọn tí ọta ìbọn ń bà tí ó ń ta dànù. Ẹni tí kò bá mọ Tíṣà lè rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ àwòrán ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama títí ó fi fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àyẹ̀wò àwọn kọ́míìkì tuntun fún ìwé ìròyìn ìlú. Ní gbogbo Sátidé, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ a máa ka ojú ewé rẹ̀, àwọn àgbàlagbà tí kò fẹ́ kí ìyàwó wọn mọ̀ pé àwọn ṣì ń ka kọ́míìkì náà a máa kà á. Kì í pọ́n ẹnikẹ́ni lé. Ó kọ ọ́ nígbà kan nípa akọni kan pé ó ń fò bí adìyẹ tí wọ́n lé kúrò nídìí àgbàdo. Ó kọ nípa òmíràn pé ẹni tí ó yà á kò tíì wo ìgúnpá ara rẹ̀ rí.

Ìnsípẹ́kítọ̀ tí wọ́n rán wá ti jókòó ní kíláàsì Tíṣà rí. Ó ti dàgbà báyìí, irun rẹ̀ ti funfun, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú ní ọdún tó kọjá. Láti ìgbà náà kì í pariwo mọ́. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ mọ̀ pé ìbínú rẹ̀ kò dín. Ìbínú náà kàn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́ ni.

"Ọ̀gá, èyí kò le," ni Sájẹ́ǹtì wí, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ẹnu rẹ̀ yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. "Bàbá na ọwọ́ sí ìwé òkè, pẹpẹ yẹ̀, ó dà lé wọn lórí. Mo ti ń sọ fún bàbá tèmi náà pé kí wọ́n yé gun àga."

"Pẹpẹ tó wó lu ènìyàn láti iwájú," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ dáhùn, "báwo ló ṣe fọ́ ọ ní ìpàkọ́?"

"Bóyá wọ́n yíjú padà."

"Bóyá."

Ó lọ síbi tábìlì ìkọ̀wé. Èérún pẹ́ńsù àti eruku rọ́bà ìpàwérẹ́ kún orí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, àfi igun kan ṣoṣo tí ẹnìkan ti nù mọ́ tónítóní. Kọ̀ǹpútà wà ní títàn. Nígbà tí àwọn tó wá gbé òkú gbé e sókè, kọ́míìkì tuntun kan wà lábẹ́ àyà rẹ̀, ó ti tẹ̀ pẹlẹbẹ. Àwòrán ọkùnrin kan wà lára èèpo rẹ̀, tí ìkùukùu yí ara rẹ̀ ká láti orúnkún dé ilẹ̀. Orúkọ ìwé náà ni *Ẹlẹ́wù Ìkùukùu*.

Sájẹ́ǹtì ṣí i. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì rántí ibi tí ó wà, ó pa ẹnu mọ́. Nínú kọ́míìkì, inú róbótó funfun lẹ́bàá orí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Nínú ìwé yìí, ẹnìkan ti gé bébà kéékèèké, ó sì ti fi wọ́n bo gbogbo róbótó náà, láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn.

"Ṣé ọmọdé ń gbé ilé yìí ni, Ọ̀gá?"

"Rárá," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. "Bí Tíṣà ṣe ń ka kọ́míìkì nìyẹn. Àwòrán nìkan ni yóò kọ́kọ́ wò. Ó máa ń sọ fún wa ní kíláàsì pé, 'Ẹ bò wọ́n lẹ́nu! Bí àwòrán kò bá lè sọ ìtàn ara rẹ̀, kí ayàwòrán lọ máa ta búrẹ́dì.' Ìgbà tó bá wò ó tán ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣí bébà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò ka ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò kọ àyẹ̀wò. Ẹgba mẹ́ta ni mo jẹ nítorí pé mo yọjú wo abẹ́ bébà kan."

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rọra fi í sínú àpò ọ̀rá.

Ọ̀gá tẹ́ṣàn fẹ́ kí wọ́n pa fáìlì náà dé. "Ìjàǹbá ni," ni ó wí. "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí a ráyè gbọ́ ti àwọn olè." Ìnsípẹ́kítọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí èsì dókítà dé ná. Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé fi máa mọ́, ìwé ìròyìn ti jáde, ojú ewé Tíṣà sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi ìlà dúdú yí i ká. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé ÀYẸ̀WÒ ÌKẸYÌN TÍṢÀ.

Ìnsípẹ́kítọ̀ kà á ní ìdúró. "Mo ti ń ka kọ́míìkì kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín," ni ọ̀rọ̀ náà wí, "ṣùgbọ́n n kò rí irú èyí rí. Ayàwòrán tí wọ́n ń pè ní Aláràbarà ti kọjá gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí Ẹlẹ́wù Ìkùukùu dúró lórí òrùlé ní ojú ewé tó kẹ́yìn, tí ó wí pé, 'Èmi kò wá láti gbà yín là. Mo wá kí ẹ lè rí i pé agbára wà lọ́wọ́ yín láti gba ara yín là,' omi bọ́ lójú mi. Ẹ lọ ra ìwé yìí. Ẹ ra méjì."

"Ẹ ra méjì," ni ó tún un sọ. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. "Omi bọ́ lójú mi. Sájẹ́ǹtì, nígbà tí wọ́n ń sin ọmọkùnrin Tíṣà, mo wà níbẹ̀. Ọkùnrin yẹn kò sunkún. Ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó sì da erùpẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lórí. Ẹ wá sọ fún mi pé kọ́míìkì ló pa á lẹ́kún?"

Ó mú ìwé náà jáde nínú àpò ọ̀rá. Ó yẹ bébà kéékèèké náà wò lábẹ́ iná. Gọ́ọ̀mù ti gbẹ mọ́ etí wọn yíká, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni ti ṣí rí.

"Kò tíì ka ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé yìí nígbà tó kú," ni ó wí. "Báwo ni ẹni tí kò tíì ṣí wọn lẹ́nu ṣe gbọ́ ohun tí wọ́n wí?"

Sájẹ́ǹtì kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìnsípẹ́kítọ̀ fi abẹ ìfárí ká bébà ojú ewé ìkẹyìn kúrò. Ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò gùn rárá. Ohun tí Ẹlẹ́wù Ìkùukùu wí lórí òrùlé kò ju èyí lọ: "Ẹ gba ara yín là!"

"Ọ̀gá, kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé ìròyìn nìyẹn."

"Mo rí i."

"Ibo ni wọ́n wá ti rí èyí tó gùn yẹn?"

"Ẹni tó bá mọ ibi tó ti wá," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ dáhùn, "ni ó jókòó lórí àga Tíṣà."

Wọ́n kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ olóòtú ìwé ìròyìn, obìnrin kan tí fóònù méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ẹ̀kẹta sì ń dún lórí tábìlì.

"Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ímeèlì wọn wọlé," ni ó wí. "Ó yà mí lẹ́nu, òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́. Ó tún wá yà mí lẹ́nu pé wọ́n yin ènìyàn. Mo sọ fún àwọn tó wà níbí pé, àbí ọjọ́ ogbó ti ń rọ bàbá yìí lọ́kàn ni."

"Ẹ kò pè wọ́n?"

"Ta ló ń pe Tíṣà? Wọ́n ní fóònù wà fún ilé tó bá ń jó."

"Wọ́n mú ìròyìn ikú rẹ̀ wá bá yín ní ọjọ́ Ẹtì, Màdáámù. Ẹ rí àyẹ̀wò tí kò jọ tirẹ̀, tó dé ní àsìkò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ wá fi ìlà dúdú yí i ká, ẹ tà á."

Ojú obìnrin náà wálẹ̀. "Ọ̀gá, iṣẹ́ ni. Kò sí èyí tó kù lórí àtẹ láàárọ̀ yìí."

"Mo mọ̀ pé kò kù," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. "Ẹ kú iṣẹ́."

Bí ó ṣe sọ "ẹ kú iṣẹ́" náà, olóòtú gbé àwọn fóònù náà kalẹ̀.

Alátẹ kọ́míìkì ni ó kàn. Ọkùnrin sísanra tí ń làágùn ni, sọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìkángun òpópónà tí ilé ìkàwé wà. Kò dúró kí wọ́n bi í léèrè.

"Òótọ́ ni, mo sọ pé màá na Tíṣà. Gbogbo ayé gbọ́. Mo sọ ọ́ nígbà tí wọ́n kọ ti adìyẹ, mo tún sọ ọ́ nígbà tí wọ́n kọ ti ìgúnpá, torí páálí odindi ni mo dá padà lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ń ta kọ́míìkì ní ìlú yìí tí kò tíì sọ pé òun máa na Tíṣà, irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, Ọ̀gá, bí bàbá yẹn bá ní ìwé kan dára, èmi fúnra mi máa ń mú ẹ̀dà kan lọ sílé fún ara mi. Wọn kì í purọ́."

"Ìgbà wo ló rí i kẹ́yìn?"

"Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, nígbà tí *Ẹlẹ́wù Ìkùukùu* dé. Mo ní kí wọ́n mú un lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n wò mí bí ẹni tó tutọ́ sí wọn lára. Wọ́n sanwó. Ẹ̀dà kan ṣoṣo. Wọn kò tilẹ̀ ṣí i níbí, wọ́n ní iná sọ́ọ̀bù mi ń purọ́ mọ́ àwọ̀."

"Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ńkọ́? Ibo lo wà?"

"Ibí yìí náà! Èrò tó tò fún ìwé náà kò jẹ́ kí n ráyè tọ̀. Ẹ bi wọ́n, wọ́n rí mi bí mo ṣe ń jó lórí ẹsẹ̀ kan." Ó nu ojú rẹ̀. "Lọ́la Aláràbarà ń bọ̀ wá fọwọ́ sí ìwé fún àwọn oníbàárà níbí. Torí àyẹ̀wò yẹn, èrò máa dé títì. Ó dùn mọ́ mi, Ọ̀gá, ó tún ń dùn mí. N kò mọ èyí tí mo máa ṣe."

Aláràbarà gbà wọ́n ní yàrá iṣẹ́ rẹ̀, yàrá ńlá kan tí gíláàsì yí ká, tí ohun gbogbo inú rẹ̀ funfun. Ọ̀dọ́kùnrin tó mọ aṣọ wọ̀ ni. Ìwé ìròyìn Sátidé wà lára ògiri, ó ti fi gíláàsì bò ó.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ikú Tíṣà dùn mí dé egungun. Bàbá ni wọ́n jẹ́ sí mi."

"O tètè rí férémù," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí.

"Sà?"

"Mo ní o tètè rí férémù fún un. Ìgbà wo lo dé ilé wọn gbẹ̀yìn?"

"Háà, ó pẹ́ o. Láti ìgbà ìsìnkú ọmọ wọn. Kíláàsì kan náà ni èmi àti ọmọ náà wà. Láti ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà wọn n kò dé."

"Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ńkọ́?"

"Ibí yìí ni mo wà, sà. Èmi nìkan. Mo ń ṣiṣẹ́ lórí apá kejì."

Ìnsípẹ́kítọ̀ ń wo àwọn àwòrán tó wà lára ògiri. Ọlọ́pàá inú ìtàn náà ní bàtà tí ènìyàn lè ka okùn rẹ̀. Obìnrin kan ń sáré, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ. Akọni nìkan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò hàn.

"Kí ló dé tí ìkùukùu máa ń bo ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà gbogbo?"

Ojú Aláràbarà tàn. "Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bi mí, sà. Ìjìnlẹ̀ ni. Ìkùukùu yẹn ni ohun tí ọmọ ènìyàn kò mọ̀ nípa ara rẹ̀. Ó gbà mí ní ọdún púpọ̀ kí n tó ronú kàn án."

"Ọ̀rọ̀ inú ìwé náà, ìwọ náà lo kọ ọ́?"

"Èmi ni, títí kan àmì ìdánudúró! Àwọn atẹ̀wé ni wọ́n bà á jẹ́. Ẹ wo ojú ewé ìkẹyìn, ọ̀rọ̀ tí mo fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko ronú, wọ́n ní kò gba inú róbótó, wọ́n gé e kù bíńtín. Wọn kò bi mí. Ọjọ́ Ẹtì, tí ìwé ti jáde, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Títí di òní n kò tíì lè ṣí ojú ewé yẹn wò."

Sájẹ́ǹtì fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ rọra fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Ó dáa," ni ó wí. "A ó rí ọ lọ́la."

Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀, Sájẹ́ǹtì kò lè mú un mọ́ra. "Ọ̀gá, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́! Kí ló dé tí a kò mú un?"

"Mo mọ ẹni tó ṣe é. N kò tíì mọ ohun tó ń wá níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ìyìn lásán kì í pànìyàn."

Ọmọ Tíṣà wà ní ilé ìdáná, ó ń fọ ife kan tí ó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó ń pe Ìnsípẹ́kítọ̀ ní ẹ̀gbọ́n, torí pé bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ.

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ènìyàn ló ń pè mí láti kí mi kú oríire àyẹ̀wò yẹn. Wọ́n ní bàbá mi fi ọ̀rọ̀ rere lọ. Ṣé ẹ mọ bó ṣe rí lára mi? Bí ẹni pé wọ́n wọ aṣọ ẹlòmíràn fún wọn sin wọ́n."

"Jókòó, àbúrò mi. Wo ìwé yìí fún mi. Ṣé o ti rí i?"

"N kò fẹ́ rí i."

"Wò ó, jọ̀ọ́."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó gbà á. Ó wo èèpo ìwé náà pẹ́. Ife tó wà létí tábìlì ṣubú, kò wò ó.

"Ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí dà?" ni ó wí.

"Kí lo wí?"

"Ohun tí bàbá mi máa ń bi ẹ̀gbọ́n mi tó ti kú nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ ẹsẹ̀ yà. Ó mọ ojú yà, ó mọ ọwọ́, ó mọ aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n bó bá dé orí ẹsẹ̀, bí iṣu ló máa ń rí. Olùkọ́ àwòrán ni bàbá rẹ̀, ojú sì ń tì í. Ló bá ya akọni kan tó wọ ìkùukùu. Bàbá mi á ní, 'Ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí dà?' Òun á ní, 'Ó wà nínú ìkùukùu, sà. Ẹ wọlé lọ wá a.' Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín títí màmá mi á fi lé wọn kúrò nídìí tábìlì." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Títí ó fi kú, akọni kan náà ló ń yà. Nínú àìsàn gan-an, lórí bẹ́ẹ̀dì."

"Ibo ni àwọn àwòrán náà wà?"

"Aláràbarà kó wọn. Ó wá kí wa lẹ́yìn ìsìnkú, ó sunkún ju gbogbo wa lọ. Ó ní kí a fún òun ní nǹkan tí òun á fi máa rántí ọ̀rẹ́ òun. Bàbá mi fúnra wọn ló dì wọ́n fún un."

Ìnsípẹ́kítọ̀ dìde. Ó lọ síbi fèrèsé. Èsì dókítà ti wà nínú àpò rẹ̀ láti ọ̀sán. Ó ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò sì tíì fi han ẹnikẹ́ni.

"Bá mi dé sọ́ọ̀bù Alátẹ lọ́la," ni ó wí. "O lè má wá o. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ́ ìwọ, màá wá."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, èrò tò láti ẹnu ọ̀nà Alátẹ dé iwájú ilé ìkàwé. Aláràbarà jókòó sídìí tábìlì, ó ń fọwọ́ sí ìwé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí fóònù gbogbo ẹni tó bá nà án sókè. Olóòtú wà níbẹ̀ pẹ̀lú ayafọ́tò rẹ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ tò bí gbogbo èèyàn. Nígbà tí ó kàn án, ó gbé ìwé rẹ̀ kalẹ̀.

"Ta ni kí n kọ ọ́ fún, sà?"

"Kọ ọ́ fún Tíṣà."

Bírò náà dúró.

"Alátẹ," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí láì yíjú, "bá mi ka ohun tí àyẹ̀wò yìí ní akọni wí lórí òrùlé. Kà á sókè."

Alátẹ gba ìwé ìròyìn, ó kà á.

"Wàyí o, ṣí ìwé tí ìwọ fúnra rẹ ń tà. Ojú ewé ìkẹyìn."

"Ẹ gba ara yín là!" ni Alátẹ kà. Ó yí ojú ewé náà síwá sẹ́yìn. "Ó parí? Ọ̀gá, kì í ṣe ọ̀kan náà."

"Kì í ṣe ọ̀kan náà. Atẹ̀wé ti gé ọ̀rọ̀ gígùn yẹn kúrò kí ìwé tó jáde, kò sí nínú ẹ̀dà kankan tí ẹ ń tà. Tíṣà kò lè kà á. Kódà, kò ka ọ̀rọ̀ kankan nínú ìwé náà. Bébà tó fi bo gbogbo róbótó ṣì lẹ̀ mọ́ ibi tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ nígbà tí a gbé òkú rẹ̀ kúrò lórí ìwé ọ̀hún. Ẹni tó kọ àyẹ̀wò yìí kò ṣí bébà kankan wò, torí òkú ló bo ìwé mọ́lẹ̀. Kò sì wo ìwé kó tó kọ ọ́. Kí ló fẹ́ wò? Ó mọ̀ ọ́n sórí. Bó ṣe kọ ọ́ kí wọ́n tó gé e ló ṣe mọ̀ ọ́n sórí." Ó wo Aláràbarà. "Ẹnìkan ṣoṣo ni inú ń bí sí àwọn atẹ̀wé nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀."

"Ìjàǹbá ni," ni Aláràbarà wí. "Pẹpẹ ló wó lù wọ́n. Gbogbo ènìyàn mọ̀."

"Igun tábìlì ni ó fọ́ ọ lórí, o sì nù ún. O gbàgbé pé tábìlì tó kù dọ̀tí. Nígbà tí o ṣe tán ni o fa pẹpẹ lulẹ̀. Kí lo wá ṣe níbẹ̀?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn ń na ọrùn. Aláràbarà wò yíká, ó rí ọmọ Tíṣà tó dúró ti àtẹ ìwé, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Mo lọ kí wọn ni!" ni ó kígbe. "Mo lọ kí wọn, kí wọ́n lè fi ojú rere wo ìwé mi. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, kò sí ìgbà kan tí wọ́n yìn mí! Mo wọlé, mo bá wọn, wọ́n ti bo gbogbo ọ̀rọ̀ mi mọ́lẹ̀ bí ohun ẹ̀gbin. Wọ́n kò kí mi. Wọ́n na ìka sí ẹsẹ̀ akọni náà, wọ́n ní, 'Ọmọ mi ló ya èyí.' Èmi! Èmi tí mo fi gbogbo ọdún wọ̀nyí jókòó tì í, tí mo fún un ní ìlú, tí mo fún un ní ọ̀tá, tí mo fún un ní ohùn! Bébà dọ̀tí-dọ̀tí lásán ni ọmọ wọn fi sílẹ̀!"

"Kí ni wọ́n ní kí o ṣe?"

"Wọ́n ní kí n gbé orúkọ rẹ̀ sára èèpo ìwé."

"Kí ni wọ́n tún ní?"

Aláràbarà ti ìwé tó wà níwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mo ní kí ni wọ́n tún ní?"

"Kò sí. Ìyẹn nìkan. Wọ́n ní kí tèmi máa wà níbẹ̀, kí tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"Orúkọ kan," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí.

"Mo kàn tì wọ́n ni! N kò mọ̀ pé wọ́n máa ṣubú báyẹn. Mo rí i pé wọ́n ti kú, ẹ̀rù bà mí..."

"Wọn kò tíì kú."

Ìnsípẹ́kítọ̀ mú èsì dókítà jáde. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

"Dókítà sọ pé ó pẹ́ díẹ̀ lórí ilẹ̀ yẹn kí ẹ̀mí tó bọ́. Ó dojú bolẹ̀, ó ń mí. Ìwọ jókòó sórí àga rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ kọ sí i, o ń wá ọ̀rọ̀ aládùn tí o máa fi yin ara rẹ. 'Omi bọ́ lójú mi.' O kọ ìyẹn, ó ń mí lẹ́yìn rẹ! Mo ti mú olè, mo ti mú apànìyàn tó fi àdá ṣiṣẹ́. N kò tíì rí ẹni tó gba ẹnu lọ́wọ́ èèyàn tó ṣì ń fi í mí, tó wá fi ṣe ìpolówó."

"Fóònù kan péré," ni ọmọ Tíṣà wí láti ẹ̀yìn. Kò gbé ohùn sókè. "Nọ́ọ̀sì ni mí. Ilé ìwòsàn wa wà ní ìkejì òpópónà wa. Fóònù kan péré, ìwọ ẹni yìí. Bàbá mi ló di àwòrán yẹn fún ọ."

Sájẹ́ǹtì kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Aláràbarà lọ́wọ́, ó sì gba bírò tó ṣì wà láàárín ìka rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń mú un jáde, Alátẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó *Ẹlẹ́wù Ìkùukùu* padà sínú páálí, ó ń jù wọ́n bí ẹni tó ń ju òkúta. "Ẹ máa lọ sílé!" ni ó ń pariwo sí èrò. "Kò sí ìwé! Ẹ máa lọ!"

Olóòtú tẹ̀lé Ìnsípẹ́kítọ̀ dé ìta. "Ọ̀gá, ojú ewé Tíṣà ti Sátidé tó ń bọ̀, kí ni kí n fi sí i?"

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé irọ́ ni ti àná. Ẹ kọ ẹni tó pa á, ẹ kọ ẹni tó kọ́kọ́ ya akọni náà. Kí ẹ kọ orúkọ ara yín sísàlẹ̀ rẹ̀."

Olóòtú kọ ọ́. Kò fi ìlà dúdú yí i ká.

Àwọn ohun tí Tíṣà fi sílẹ̀ nìwọ̀nyí: ẹ̀wù òjò aláwọ̀ eérú kan, awò ojú fún ìwé kíkà, àti òmíràn fún ọ̀nà jíjìn tí kò gbà rí pé òun nílò, kẹ̀kẹ́ kan tí táyà rẹ̀ ti jò, ìjà kan pẹ̀lú káfíńtà, tí wọn kò tíì parí, àpò súìtì líle tí ó fi pamọ́ sẹ́yìn rédíò torí pé dókítà ti kà á léèwọ̀ fún un, ológbò aládùúgbò, tó ṣì ń wá sójú fèrèsé, àti ọmọbìnrin kan tí ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ láràárọ̀, tí ó ń bá gbogbo iná ilé ní pípa, tí kò sì sí ẹni tí yóò bá jà pé wọ́n tún fi iná sílẹ̀ ní títàn.